Kí Ẹ Tó Kó Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yẹn Sínú Kọ́ńténà

Ní ìlú Wylie tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Dallas, lẹ́bàá adágún Lavon, oòrùn kò mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lójú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa wáyà kan tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, tí owó rẹ̀ kò sì ju owó tí ìdílé kan fi ń jẹun alẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ilé oúnjẹ. Orí rẹ̀ kan a máa wọ ihò USB kọ̀ǹpútà. Orí kejì pín sí ẹnu mélòó kan, kí ó lè gba hard disk àtijọ́, kí ó gba èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì tún gba àwọn mẹ́mórì káàdì kéékèèké tí a ń yọ nínú kámẹ́rà. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ni kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé, àìmọ̀ wa yìí sì ń gba ohun tí owó kò lè rà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìdílé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún mi láyè láti sọ ọ́, mo sì ti yí àwọn ohun kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni ìyá náà. Ọkọ rẹ̀ ṣe aláìsí ní ọdún 2019, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, àbíkẹ́yìn wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ní ọdún 2023, ìyá yìí pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, kí n wá bá òun wo ohun tí ó yẹ kí òun kó àti èyí tí ó yẹ kí òun fi sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹrù olóògbé kì í rọrùn láti dá kó.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, mo bá àgbá aláwọ̀ búlúù mẹ́ta nínú gáréèjì, aṣọ àti bàtà ti kún wọn dé ọrùn. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni kọ̀ǹpútà méjì wà: laptop kan tí kò tàn mọ́, àti ògbólógbòó kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ rà ní ọdún 2003. Yàrá òkè ni èyí ńlá náà wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí yìnyín lu ìlú wa ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún 2016, èyí tí òmíràn nínú rẹ̀ tóbi tó bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń fi igi gbá, tí ó dá òrùlé àti fèrèsé ilé púpọ̀ lu, omi òjò wọ yàrá náà, bàbá àwọn ọmọ sì gbé kọ̀ǹpútà sọ̀kalẹ̀ sí gáréèjì. Ibẹ̀ ni ó wà láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá ti wọ gáréèjì ní Texas ní oṣù kẹjọ rí yóò mọ irú ilé tí a fi í sí.

Mo bi í léèrè pé, "Àbúrò mi, kí ni ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí?"

Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Ìkejà ní kí n fi wọ́n ránṣẹ́, pé òun yóò wá ẹni tí yóò tún wọn ṣe."

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ni ó dá wa lóhùn láti ẹnu ọ̀nà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ̀rọ ni ó kú, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè máà tíì kú. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ilé ti wó, mà, ṣùgbọ́n àpótí ṣì wà nínú rẹ̀." Mo ti ka ìwé dé yunifásítì, n kò sì lè là á yé yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí yàtọ̀ sí ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Iná lè má wọ ẹ̀rọ mọ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, síbẹ̀ kí hard disk inú rẹ̀ máa mí. Àwo pẹlẹbẹ tí a fi ohun tí ó ní agbára mágnẹ́ẹ̀tì kùn ni ó wà nínú disk, ó ń yí bíi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa, orí kékeré kan sì ń ka ohun tí a kọ sí i. Ní ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ IBM kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde: àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 24, gbogbo rẹ̀ pátá kò sì gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Àwòrán kan tàbí méjì tí fóònù yín ń yà lónìí yóò kún un. Bí mo bá sì tún gbé ọ̀rọ̀ ìlú tiwa wọ̀ ọ́, ẹ má bínú: ní Dallas níhìn-ín, ní ilé iṣẹ́ Texas Instruments, ni Jack Kilby ti ṣe àkójọ ẹ̀yà iná sórí ègé kékeré kan ṣoṣo ní ọdún 1958, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 2000. Láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́mórì káàdì tí ó kéré ju èékánná lọ kì bá tí wà.

Ohun tí ó ń da àwọn òbí rú ni pé ẹnu àwọn disk kò bára mu. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a rà ṣáájú ọdún 2003 tàbí ní àyíká rẹ̀ sábà máa ń ní ẹnu gbọọrọ tí abẹ́rẹ́ 40 tò sí ní ìlà méjì. Ti laptop ìgbà náà kéré jù ú lọ, abẹ́rẹ́ 44 sì ni tirẹ̀. IDE ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2003 ni èyí tí wọ́n ń pè ní SATA ti dé, tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì ní abẹ́rẹ́. USB fúnra rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1996. Iṣẹ́ wáyà olórí púpọ̀ yìí ni láti ṣe ògbifọ̀ láàárín wọn, kí kọ̀ǹpútà òde òní lè gbọ́ èdè disk àná. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé ó dárúkọ IDE àti SATA pọ̀, nítorí pé SATA nìkan ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ń gbà.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó tún kù. Disk kékeré ti laptop kò béèrè ju fólítì 5 tí USB lè fún un. Èyí ńlá ti orí tábìlì ń fẹ́ fólítì 12 pẹ̀lú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní okùn iná tirẹ̀ tí a ó kì bọ ara ògiri. Bí wáyà tí ẹ rà kò bá ní okùn iná yìí, disk ńlá kò ní yí, ẹ ó sì rò pé ó ti kú. Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti gbé e lọ sílé kí ó wo ara okùn iná náà bóyá wọ́n kọ 100 sí 240 sí i, nítorí pé iná Nàìjíríà lágbára tó ìlọ́po méjì ti Amẹ́ríkà.

Ní ti káàdì kámẹ́rà, ẹ wo inú àpò kámẹ́rà àtijọ́ yín. CompactFlash ti wà láti ọdún 1994, Memory Stick ti Sony láti ọdún 1998, SD láti ọdún 1999. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ Olympus tàbí Fujifilm tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 2002, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ xD ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọn kò ṣe mọ́. Ẹ̀rọ tí ń ka káàdì xD kò wọ́pọ̀ mọ́, yóò sì máa ṣọ̀wọ́n sí i. Ẹ má fi ti ìyẹn falẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ra wáyà. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì oúnjẹ, ó fi ọwọ́ kan irin kí iná ara má baà ba ẹ̀rọ jẹ́, ó tú ìdè laptop, ó yọ disk inú rẹ̀, kò sì tóbi ju páálí káàdì ìdáraya lọ. Ó so ó mọ́ wáyà, ó so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni àpótí gbogbo hàn lójú ẹ̀rọ, pẹ̀lú orúkọ tí bàbá wọn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: owó orí, ilé, Ìlá, àwọn ọmọ.

Nínú èyí tí a pè ní àwọn ọmọ ni a ti rí fídíò kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Bàbá wọn jókòó ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, ó ń kì í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó dé orí ọmọ náà, ó sì pe orúkọ oríkì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àbíkẹ́yìn yìí ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí a ń wò ó. Kò rántí ohùn bàbá rẹ̀ rárá. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni ó ń pè?" Kò sí ẹni tí ó tètè dá a lóhùn nínú wa.

Mo rántí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní ọjọ́ náà, bàbá àgbà Fẹlá, tí ó wá sí Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1922, tí ó sì kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Bàbá náà ṣípò padà ní ọdún 1930. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí a ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a ṣì ń gbọ́ ọ, nítorí pé àwọn kan tọ́jú àwo náà, àwọn mìíràn sì gbé e láti orí àwo sórí ohun tuntun kí ìgbà tó tán lórí àwo. Àwọn òbí wa tí kì í ṣe olókìkí náà ní ohùn. Inú gáréèjì wa ni ohùn tiwọn wà.

Mo fẹ́ kí n lè dá ìtàn náà dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe òótọ́ sí yín.

Èmi ni mo gba ìyá náà nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí ọmọ máa bá iṣẹ́ náà lọ, nítorí pé ó mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ìyá pè mí ní òru. Ọmọ náà ti rí ìwé ilé ìwòsàn kan nínú àpótí bàbá rẹ̀, ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé náà sì fi hàn pé àwọn òbí méjèèjì ti mọ àìsàn náà fún odindi ọdún kan kí wọ́n tó sọ fún àwọn ọmọ. Ó ní wọ́n tan òun jẹ. Ó ní bí òun bá mọ̀ ni, òun kì bá tí máa bá bàbá òun jiyàn lórí bọ́ọ̀lù àti irun. Ó ti ìlẹ̀kùn, kò jẹun.

Ó yẹ kí n ti rò ó tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mi ni. Àpótí olóògbé ni disk jẹ́, bí a kò sì ti ní ju ọmọ ọdún 16 sí ìdí àpótí bàbá rẹ̀ pé kí ó dá tú u, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a ṣe é pẹ̀lú èyí. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ so wáyà, kí ó ṣí ojú ọ̀nà fún yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àgbà kan kọ́kọ́ dá jókòó wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwòrán àti ohùn, ẹ pe gbogbo ilé sí i. Ìwé dókítà, ìwé ilé ẹjọ́, lẹ́tà láàárín tọkọtaya, ẹ fi sí ọ̀tọ̀ títí ẹ ó fi rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi gbé e kalẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ pa á rẹ́ kí ọmọ má mọ̀. Bí ọmọ náà bá ti dàgbà tó láti béèrè, ó ti dàgbà tó láti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni kí ó ti gbọ́ ọ. Ìyá náà jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, ó sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ni ó bẹ òun, pé kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe ọdún kan sí i gẹ́gẹ́ bí bàbá tí a ń bá jiyàn, kì í ṣe bí aláìsàn tí a ń ṣàánú. Wọ́n sunkún pa pọ̀. Ọmọ náà jẹun ní ọjọ́ kejì. Kò tíì tán nínú rẹ̀ pátápátá, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ lóòrèkóòrè.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a kò rò ni ti àpótí tí bàbá náà pè ní owó orí. Gbogbo ìwé owó orí tí ìdílé náà ti kọ fún ìjọba láti ọdún mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà Social Security bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti nọ́ńbà báńkì. Gbogbo rẹ̀ ni ìbá bá àgbá aláwọ̀ búlúù lọ sí Èkó. Ẹ má rò pé mo ń dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network lọ sí Èkó, wọ́n ra hard disk àtijọ́ lọ́jà, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2009, ètò tẹlifíṣọ̀n Frontline ti Amẹ́ríkà fi hàn bí wọ́n ṣe ra disk kan ní Tema, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ní dọ́là 40, tí wọ́n sì rí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀, ìwé ilé iṣẹ́ Northrop Grumman tí ń ṣe ohun ìjà. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ń kọ́?

Kí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá kàn pa fáìlì rẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ yọ kúrò nínú ìwé orúkọ. Ohun náà ṣì wà níbẹ̀ títí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun tí ẹ fẹ́ jáde, ẹ tún fi wáyà kan náà so disk náà, kí ẹ ṣe format rẹ̀ láti orí dé ìdí, kì í ṣe ti kíákíá tí Windows kọ́kọ́ máa ń fi lọ̀ yín. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ lórí disk tí ń yí. Ti irú èyí tí kò ní àwo nínú, tí wọ́n ń pè ní SSD, yàtọ̀. Ẹ lo ètò tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sílẹ̀, tàbí kí ẹ kúkú fọ́ ọ. Èyí tí ó rọrùn jù ni ohun tí ìyá yìí ṣe: ó yọ disk kúrò, ó fi ara ẹ̀rọ nìkan ránṣẹ́.

Àwọn nǹkan díẹ̀ tún wà tí mo kọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Bí ẹ bá so disk tán tí ẹ̀rọ sì sọ pé kí ẹ ṣe format rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó, ẹ dákun, ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà Apple ni ó kọ disk náà, tí Windows kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Laptop Windows ìgbà yìí sábà máa ń ti disk pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní BitLocker. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà nínú àkáǹtì Microsoft olóògbé, nítorí pé wáyà nìkan kò lè ṣí i. Àwọn laptop Apple tuntun sì ń jó ibi ìpamọ́ wọn mọ́ ara ẹ̀rọ, kò sí ohun tí a lè yọ níbẹ̀. Fún irú ìwọ̀nyí, kí ẹ̀rọ tó kú ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má sì gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Àwa tí a rí yìnyín ọdún 2016 kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹ̀dà kan ti ìdílé yìí wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá náà ní Ìlá báyìí.

Ó ku kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ọdún 2003, tí àwòrán ìgbéyàwó wọn ti ọdún 2004 wà nínú rẹ̀. IDE ni disk inú rẹ̀. Ọmọ náà so ó mọ́ wáyà, ó so okùn iná rẹ̀ mọ́ ara ògiri, disk bẹ̀rẹ̀ sí í yí, lẹ́yìn náà ni a gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Ó yọ iná rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí a bá tún tàn án, orí tí ń kà á lè họ ara àwo, ohun tí ó kù níbẹ̀ yóò sì bà jẹ́. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣí irú rẹ̀ nínú yàrá tí kò ní eruku, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dárúkọ fún ìyá náà ju owó ilé oṣù kan lọ. Mo ní kí ó má kánjú. Ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlá, wọ́n sì rí àwòrán mẹ́ta tí ó wà nínú álúbọ́ọ̀mù ìyá wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó náà. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá.

Laptop ti dé Ìkejà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí Computer Village, wọ́n tún un ṣe, ó ra disk mìíràn sí i, ó sì ń fi í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Disk ti ọdún 2003 kò kúrò ní Wylie. Ìyá náà fi ìpele aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ wé e, ó wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀ nínú yàrá, níbi tí ooru gáréèjì kò lè dé.